Àwọn Bàálù Tó Kọ́ Àwọn Awakọ̀ Òfurufú Wa Níṣẹ́

    

Ojú òfurufú ni ọ̀rọ̀ mi wà lónìí. Mo fẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa àwọn bàálù àtijọ́ tí àwọn ológun fi ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ ní wíwa ọkọ̀ òfurufú, àwọn tí èrò máa ń wọ́ lọ wò níbi àfihàn bàálù nílẹ̀ Faransé, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Amẹ́ríkà àti ní Gúúsù Áfíríkà. Ohun tó mú kí n yan ọ̀rọ̀ yìí ni pé ọ̀pọ̀ nínú irú bàálù wọ̀nyí ló ti ṣiṣẹ́ nílẹ̀ tiwa níbí ní Kamẹrúùnù. Àwọn ọmọ wa ló jókòó sínú wọn, àwọn mẹkáníìkì wa ló tún wọn ṣe. Ó yẹ ká mọ ìtàn wọn, ó sì yẹ ká tọ́jú èyí tó ṣẹ́kù kó tó di àwátì.

Kí ni bàálù ìkọ́ṣẹ́? Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Casse Ndokoti ní Douala, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò àlòkù, ẹ mọ̀ pé kò sí ọ̀gá mẹkáníìkì tó máa gbé mọ́tò tuntun oníbàárà lé ọmọ iṣẹ́ tó dé lánàá lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí ní iléeṣẹ́ ológun òfurufú. Ọmọ iṣẹ́ kì í bẹ̀rẹ̀ lórí bàálù ogun. Wọ́n á kọ́kọ́ fi í sínú bàálù kékeré oníjòkòó méjì, ọ̀kan fún un, ọ̀kan fún ọ̀gá rẹ̀, ohun ìdarí á sì wà níwájú àwọn méjèèjì. Bí ọmọ iṣẹ́ bá ṣe é ṣì, ọ̀gá á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó di wàhálà. Wọ́n á jọ gbéra, wọ́n á jọ balẹ̀, wọ́n á tún un ṣe, wọ́n á tún un ṣe, títí ọjọ́ tí ọ̀gá á fi sọ̀ kalẹ̀, táá ní kí ọmọ iṣẹ́ máa dá lọ. Awakọ̀ òfurufú lè gbàgbé ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, kò jẹ́ gbàgbé ọjọ́ yẹn.

Lọ́dọọdún, nígbà àjọ̀dún Pẹ́ńtíkọ́sì, èrò máa ń kún pápá kan ní La Ferté-Alais, tí kò jìnnà sí Paris, láti wo àwọn bàálù àtijọ́ tó ń fò. Lára àwọn tí wọ́n máa ń rí níbẹ̀ ni T-6 ti Amẹ́ríkà, èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Harvard. Ó ju 15,000 lọ tí wọ́n ṣe. Nínú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ awakọ̀ òfurufú tó ja Ogun Àgbáyé Kejì ti kọ́ṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká sún mọ́ ọn dáadáa. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ rí roboto, sílíńdà mẹ́sàn-án ló tò yí i ká. Bó bá ti dúró fún ìgbà díẹ̀, ọ́ìlì á ro wálẹ̀ sínú àwọn sílíńdà ìsàlẹ̀. Nítorí náà, kí wọ́n tó ṣáná sí i, ẹnìkan á dúró níwájú rẹ̀, á máa fi ọwọ́ yí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, á máa fi ọwọ́ gbọ́ bóyá ọ́ìlì ti dí ibì kan. Bí wọ́n bá fi agídí ṣáná sí i láìṣe bẹ́ẹ̀, irin inú rẹ̀ á tẹ̀, owó ńlá á sì ti wọgbó. Bó bá wá gbiná, á kọ́kọ́ wúkọ́, á tu èéfín funfun, kí ó tó wá dún wọ̀ọ̀. Imú rẹ̀ ga débi pé awakọ̀ kì í rí iwájú nígbà tó bá ń rìn nílẹ̀. Ńṣe ló máa ń wà á sọ́tùn-ún, wà á sósì, kó lè máa yọjú wo ọ̀nà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bó bá sì kọjá lókè orí àwọn èèyàn, ẹnu abẹ̀bẹ̀ yẹn á ti máa yí débi pé eré rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó eré ohùn. Ìyẹn ló ń fa ariwo tó máa ń han gooro létí, tí ẹni tó bá ti gbọ́ ọ rí kò ní í béèrè orúkọ bàálù náà mọ́.

Níbi àfihàn yẹn kan náà ni Flamant ti máa ń fò, bàálù ẹlẹ́ńjìnnì méjì tí iléeṣẹ́ Marcel Dassault ṣe, tó kọ́kọ́ gbéra ní ọdún 1947. Àwọn Faransé fi kọ́ awakọ̀ àti atọ́nà òfurufú níṣẹ́, wọ́n sì lò ó káàkiri àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso nígbà náà. Nígbà tí Kamẹrúùnù gba òmìnira tó sì dá iléeṣẹ́ ológun òfurufú tirẹ̀ sílẹ̀, Flamant wà lára àwọn bàálù tó lò. Bàálù tí àwọn òyìnbó ń sanwó wọlé lọ wò ní La Ferté-Alais lónìí, ìran rẹ̀ ti fò lójú òfurufú Kamẹrúùnù yìí.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Fouga Magister, tó kọ́kọ́ fò ní ọdún 1952. Ẹlẹ́rọ jẹ́ẹ̀tì ni, ẹ́ńjìnnì kéékèèké méjì ló ní. Ẹni tó bá rí i lẹ́ẹ̀kan kò ní í ṣì í mọ̀, nítorí ìrù rẹ̀ là sí méjì, ó sì dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí lẹ́tà V. Ohùn rẹ̀ kì í bú ramúramù bíi ti jẹ́ẹ̀tì ńlá, súfèé ló máa ń súfèé. Ọmọ iṣẹ́ ló ń jókòó níwájú, ọ̀gá á wà lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ọ̀gá kò rí iwájú dáadáa láti ibi tó wà, nítorí náà, wọ́n ṣe awò kan tó yọrí síta lókè fún un, tí á fi máa wo ọ̀nà kọjá orí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Láti ọdún 1964 títí di 1980, Fouga ni Patrouille de France, ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ ológun Faransé tó ń dárà lójú òfurufú, ń lò. Kamẹrúùnù ti ní Fouga rí, Tógò náà ti ní in rí.

Alpha Jet ló rọ́pò Fouga fún Patrouille de France, òun náà ló sì gbòde nílẹ̀ wa láti àwọn ọdún 1980. Kamẹrúùnù rà á, Tógò rà á, ó sì wà ní Niamtougou lápá àríwá Tógò. Nàìjíríà ra 24, wọ́n sì fi Kainji ṣe ibùdó wọn. Ní ìgbẹ̀yìn àwọn ọdún 1990, Kamẹrúùnù tún ra Impala lọ́wọ́ Gúúsù Áfíríkà, bàálù ìkọ́ṣẹ́ tí àwọn ará Ítálì ya àwòrán rẹ̀, tí Gúúsù Áfíríkà wá ń ṣe fúnra wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Douala mọ̀ pé ibùdó ológun òfurufú wà níbí, Base Aérienne 201. Ìtàn yìí kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà wa.

Ní ti Nàìjíríà, ọdún 1964 ni òfin tó dá iléeṣẹ́ ológun òfurufú sílẹ̀ jáde. Àwọn ará Jámánì ni ìjọba gbé iṣẹ́ ìkọ́ni fún, ará Jámánì náà sì ni ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́, Gerhard Kahtz. Kaduna ni wọ́n fi ṣe ibùdó ìkọ́ṣẹ́. Bàálù tí wọ́n kó wá ni Dornier Do 27 àti Piaggio P.149, èyí tí àwọn ará Ítálì ya àwòrán rẹ̀ tí àwọn ará Jámánì sì ṣe. Ní àwọn ọdún 1970, Bulldog dé láti ilẹ̀ Scotland. Irú Bulldog yìí náà ni iléeṣẹ́ ológun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì rà, 130 ni wọ́n gbà. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì wọ́n ní nǹkan bí ogún ọdún ó lé sẹ́yìn, àwọn aládàáni rà wọ́n, wọ́n tún wọn kùn, wọ́n sì ń wà wọ́n lọ síbi àfihàn títí di òní. Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ ní ẹbí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n mú àwọn ọmọ lọ wò ó. Kí wọ́n sọ fún àwọn ọmọ náà pé irú bàálù yìí ló kọ́ àwọn awakọ̀ ní Kaduna níṣẹ́.

Nàìjíríà tilẹ̀ gbìyànjú láti ṣe tirẹ̀. Ní ọdún 1988 ni Air Beetle kọ́kọ́ gbéra ní Kaduna. Àwòrán RV-6A ni wọ́n gbé e lé, bàálù kékeré ti Amẹ́ríkà tí wọ́n ń ta ẹ̀yà ara rẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ tò ó fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá lọ sí Oshkosh ní ìpínlẹ̀ Wisconsin ní òpin oṣù keje, níbi àfihàn ńlá tí wọ́n ń ṣe lọ́dọọdún, á rí irú rẹ̀ ní títò lọ súà. Ọwọ́ àwọn ọmọ wa ló ṣe Air Beetle, ohun tó yẹ kí gbogbo ọmọ iléèwé ní Nàìjíríà mọ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ìtàn kan tó wọ̀ mí lára jù nínú gbogbo rẹ̀. Ní ọdún 1962, kí Nàìjíríà tó ní bàálù ológun kankan, ìjọba yan ọ̀dọ́kùnrin mẹ́wàá, wọ́n kó wọn lọ sí Ethiópíà láti lọ kọ́ṣẹ́. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé wọn, wọ́n lọ sí Kánádà àti Íńdíà. Ẹni tó fẹsẹ̀ ètò ìkọ́ṣẹ́ òfurufú Ethiópíà múlẹ̀ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni ọmọ ilẹ̀ Swídìn kan, Carl Gustaf von Rosen. Ọkùnrin yìí kò bẹ̀rù ojú òfurufú. Ní ọdún 1947, ó wa bàálù ìkọ́ṣẹ́ kékeré kan tó ń jẹ́ Safir láti Stockholm títí dé Addis Ababa láìbalẹ̀ níbì kankan. Ó lò ju 30 wákàtí lọ lókè.

Ọdún méje lẹ́yìn tí àwọn ọmọ wa lọ sí Ethiópíà, ogun abẹ́lé ti gba Nàìjíríà kan. Von Rosen ti ń gbé oúnjẹ lọ fún àwọn tí ebi ń pa ní Biafra, ló bá pinnu pé òun á jà fún wọn. Bàálù tó mú wá ni MFI-9B, ọmọ kékeré oníjòkòó méjì tí agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ju ti ẹṣin 100 lọ, tí wọ́n ń fi kọ́ṣẹ́ ní Swídìn. Wọ́n so rọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́ abẹ́ ìyẹ́ wọn. Ní ọjọ́ 22 oṣù karùn-ún ọdún 1969, márùn-ún nínú wọn fò mọ́lẹ̀, wọ́n kọlu pápá òfurufú Port Harcourt. Lẹ́yìn náà, wọ́n kọlu Benin, Enugu àti Ughelli. Kí ọdún yẹn tó parí, àwọn T-6 tó ti wà lọ́wọ́ àwọn Faransé náà ti dé ọ̀dọ̀ Biafra. Ìjọba àpapọ̀ pẹ̀lú ti ra L-29 láti Czechoslovakia, bàálù ìkọ́ṣẹ́ ni òun náà. Bàálù tí wọ́n ṣe láti fi kọ́ ọmọ iṣẹ́ ni tọ̀tún tòsì gbé lọ sójú ogun.

Mi ò sọ èyí láti hú ọgbẹ́ àtijọ́. Ọ̀pọ̀ ẹbí ló pàdánù ọmọ nínú ogun yẹn, mo sì mọ̀ pé àwọn kan nínú wọn ń gbọ́ mi báyìí. Ẹ kú ìrọ́jú. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ibi tí ìtàn náà yọrí sí. Björn Andreasson tó ya àwòrán MFI-9 ya òmíràn lẹ́yìn rẹ̀, MFI-15 àti MFI-17. Pakísítánì gba àṣẹ láti máa ṣe é, wọ́n sọ ọ́ ní Mushshak, wọ́n tún mú un dára sí i, ó di Super Mushshak. Ní ọdún 2016, Nàìjíríà bá Pakísítánì tọwọ́ bọ̀wé láti ra mẹ́wàá, Kaduna ni wọ́n sì kó wọn lọ. Ọwọ́ kan náà tó ya àwòrán bàálù tí wọ́n sá fún ní Port Harcourt ni iṣẹ́ rẹ̀ ń kọ́ àwọn ọmọ wa níṣẹ́ ní Kaduna lónìí. Bí ayé ṣe lè yí padà nìyí. Ẹni tí kò bá mọ ìtàn yìí, bàálù lásán ló máa rò pé òun ń wò.

Bàálù ìkọ́ṣẹ́ ló sì ṣílẹ̀kùn fún àwọn tí wọ́n sọ pé wọn kò lè fò. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ọmọ Èkó kan, Peter Adeniyi Thomas, wọ iléeṣẹ́ ológun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì. Ó yege, ó sì di adúláwọ̀ àkọ́kọ́ láti Áfíríkà tí wọ́n fi joyè ọ̀gá ológun tó ń wa bàálù níbẹ̀. Ìjàǹbá bàálù ló pa á ní ọdún 1945. Arábìnrin rẹ̀ ni Stella Thomas, obìnrin àkọ́kọ́ tó di agbẹjọ́rò ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní Gánà, oṣù kẹfà ọdún 1964 ni Melody Danquah dá wa bàálù ìkọ́ṣẹ́ Chipmunk fúnra rẹ̀, obìnrin àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀ nínú iléeṣẹ́ ológun òfurufú ilẹ̀ náà. Chipmunk ṣì ń fò níbi àfihàn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni ànfààní irin àtijọ́ nígbà tí oúnjẹ òòjọ́ ṣòroó rí. Ìbéèrè gidi ni. Èsì mi ni pé àwọn tó tọ́jú tiwọn kò ṣe é fún fàájì nìkan. Ẹ wo Gúúsù Áfíríkà. Títí di ọdún 1995 ni iléeṣẹ́ ológun òfurufú wọn fi ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ nínú Harvard. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì wọ́n, wọ́n kó díẹ̀ sí ilé ìkóǹkanìṣẹ̀ǹbáyésí wọn ní Swartkop, lẹ́bàá Pretoria, wọ́n sì ń jẹ́ kí wọ́n fò. Láti tọ́jú bàálù bẹ́ẹ̀, ó gba ẹni tó mọ ẹ́ńjìnnì, ẹni tó mọ iná, ẹni tó lè jó irin pọ̀, ẹni tó lè ran aṣọ ìyẹ́. Ọ̀dọ́ tó bá kọ́ iṣẹ́ yẹn kò ní í ṣaláìríṣẹ́ ní pápá òfurufú kankan. Ndokoti kún fún irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó lè gbé ẹ́ńjìnnì mọ́tò tí gbogbo ayé ti pa tì dìde lè kọ́ iṣẹ́ bàálù pẹ̀lú. Ohun tó kù ni iléèwé, ìwé ẹ̀rí, àti ẹni tó máa fọ̀nà hàn wọ́n.

Bí mo ṣe ń yìn ín náà, mi ò ní í fi ewu rẹ̀ pamọ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2015, níbi àfihàn kan ní Shoreham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Hunter oníjòkòó méjì, bàálù ìkọ́ṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní àwọn ọdún 1950, já lulẹ̀ sójú títì, èèyàn 11 ló kú. Àwọn aláṣẹ mú òfin le lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí náà, kò pọn dandan kí gbogbo bàálù àtijọ́ máa fò. Èyí tó ti gbó jù, ẹ gbé e sábẹ́ òrùlé, ẹ kùn ún, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára, kí àwọn ọmọ iléèwé wá wò ó. Wọ́n ti ṣe irú rẹ̀ ní Umuahia ní Nàìjíríà, ní ilé ìkóǹkanìṣẹ̀ǹbáyésí ogun tí wọ́n ṣí ní ọdún 1985. Ọ̀kan péré kò tó fún ilẹ̀ tó fẹ̀ tó tiwa.

Ẹ̀yin ará mi, ọ̀rọ̀ ń bọ̀ wá sópin, àrọwà ló kù tí mo fẹ́ pa. Ẹ̀yin aláṣẹ ibùdó ológun òfurufú, ní Douala, ní Kaduna, ní Kainji, ní Niamtougou, bí ẹ bá fẹ́ ta bàálù ìkọ́ṣẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì fún àwọn tó ń ra irin àlòkù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá ọ̀kan sí nínú irú kọ̀ọ̀kan. Ẹ ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lọ́dún kí àwọn ọmọ lè wọlé wá fọwọ́ kàn án.

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ wo inú ilé yín. Bàbá àgbà wo ló ti ṣe mẹkáníìkì bàálù rí? Ẹ̀gbọ́n wo ló ti rọ epo sí Bulldog ní Kaduna, tàbí tó ti fọ Fouga ní Kamẹrúùnù? Fóònù tó wà lọ́wọ́ yín yẹn tó láti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ jókòó tì í. Ẹ béèrè orúkọ àwọn tó wà nínú fọ́tò àtijọ́ rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sẹ́yìn fọ́tò náà pẹ̀lú ọdún tí wọ́n yà á. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin mẹ́wàá tó lọ sí Ethiópíà ní ọdún 1962, ẹni tó bá kù láyé nínú wọn ti lé ní ẹni 80 ọdún báyìí. Àkókò kò dúró de ẹnikẹ́ni.

Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ló máa gbẹ. Ọ̀wọ̀ tó yẹ olùkọ́ ló yẹ àwọn bàálù yìí, àti àwọn èèyàn tó fi ọwọ́ ara wọn tọ́jú wọn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, ẹ má dúró de ìjọba.